Orúkọ Ọmọ Kẹrìnlá

Iná méjì ti tàn lára àpótí. Ẹ̀kẹta ni wọ́n ń retí, abẹ́ àtàǹpàkò Ìbídùnní ni ẹ̀kẹta náà sì wà.

"Tẹ̀ ẹ́, Nọ́ọ̀sì," ni Dókítà Òjẹ́labí wí.

"N ò ní tẹ̀ ẹ́, sà."

Àpótí náà kò ju àpótí bàtà lọ. Irin dúdú ni, ó ní táyà kéékèèké mẹ́rin lábẹ́, wọ́n sì ti tì í wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ọmọ. Inú rẹ̀ ni oògùn tí wọ́n ń pè ní Ìkẹyìn wà, ìgò mẹ́ta péré. Iná kan jẹ́ ti dókítà. Iná kan jẹ́ ti Olóòótọ́, ẹ̀rọ tí ń sọ̀rọ̀ láti inú ògiri. Iná kẹta jẹ́ ti aṣọ́-oògùn, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó máa sọ pé rárá títí tí wọn yóò fi rí ìdí gidi fún bẹ́ẹ̀ ni. Ọdún mọ́kànlá nìyí tí Ìbídùnní ti ń ṣe iṣẹ́ náà ní ilé ìwòsàn ọmọdé Òkè-Àgbọn, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló sì tíì tan iná rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é ní Ìyá Rárá lẹ́yìn. Ó mọ̀, kò sì bínú. Wọ́n pe ẹ̀kọ lẹ́kọ ni.

"Ọmọ Kẹrìnlá," ni Olóòótọ́ fọhùn. Ohùn rẹ̀ kì í ga, kì í sì í wálẹ̀. "Òtútù àyà. Ọjọ́ kẹta lórí oògùn Àkọ́kọ́. Ìgò oògùn ti gbẹ. Kòkòrò àrùn ṣì ń bẹ láàyè nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kòkòrò náà ti borí Àkọ́kọ́. Ẹ ṣí àpótí."

Ọmọkùnrin ọdún mẹ́rin ni Ọmọ Kẹrìnlá. Ó sùn gbalaja, ihò imú rẹ̀ ń fẹ̀, ó ń sún kì. Ìlẹ̀kẹ̀ kan tó ń ka mímí wà lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀, nọ́ńbà sì ń yí lára rẹ̀: méjìléláàádọ́ta ní ìṣẹ́jú kan. Ìyá rẹ̀, ọ̀dọ́bìnrin kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ti kúnlẹ̀, ó di etí aṣọ funfun Ìbídùnní mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà. Ẹ bá mi ṣí i. Ẹ má jẹ́ kó kú mọ́ mi lọ́wọ́."

Ọ̀rọ̀ náà gún Ìbídùnní lọ́kàn. Ta ni kò ní gún? Ṣùgbọ́n kò gbé ọwọ́ rẹ̀ sọ́tùn-ún, kò gbé e sósì.

"Bí mo bá ṣí i lónìí," ló wí, "àpótí ìlú mẹ́fà tí a jọ ń pín oògùn yìí á ti ara wọn pa fún ogójì ọjọ́, kí kòkòrò má baà tètè kọ́ Ìkẹyìn. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, sà. Ọmọ tuntun kan wà ní Ṣakí tí wọn ò tíì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa já sí. Kí ni kí n sọ fún ìyá ìyẹn?"

"Ìyá ìyẹn ò sí níbí. Ìyá eléyìí ló wà níbí."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ẹni tó bá ní kí àwọn ọmọ tí òun kò rí má kú ní láti kọ́kọ́ gbójú kúrò lára èyí tó ń wò níwájú rẹ̀. Ìgbà mìíràn wà tí iṣẹ́ yìí máa ń rí bí ìkà lójú òun fúnra rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ó rántí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí ìyá rẹ̀ ń ṣe nọ́ọ̀sì nínú ilé yìí kan náà. Oògùn pọ̀ nígbà náà lọ bíi rẹrẹ. Àwọn akiri-oògùn ń gbé kápúsù aláwọ̀ méjì kiri nínú àwo, pupa lápá kan, yẹ́lò lápá kejì. Inú ń run ọ, kápúsù ni. Ọ̀fun ń dùn ọ́, kápúsù ni. Wọ́n á tú u sójú egbò, wọ́n á pò ó mọ́ ẹ̀kọ gbígbóná, ara á yá wọn lọ́jọ́ kejì, wọ́n á sọ ìyókù sábẹ́ ìrọ̀rí. Kòkòrò ń wò wọ́n, ó ń kọ́ṣẹ́. Láàárín Àkọ́kọ́ àti Ìkẹyìn, oògùn mẹ́rin ló ti wà rí, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì ti di omi lásán. Ọdún tí èyí tó kẹ́yìn nínú wọn di omi, ọmọ mọ́kànlá ló kú nínú wọ́ọ̀dù yìí láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Àbúrò Ìbídùnní wà nínú wọn. Oògùn wà lára ògiri láti òkè délẹ̀, kò sì sí ọ̀kan tó ṣiṣẹ́.

"Olóòótọ́," ló pè, "Ọmọ Kẹjọ ńkọ́? Kẹsàn-án ńkọ́? Kọkànlá ńkọ́?"

"Wọ́n ti lọ sílé. Àkọ́kọ́ wò wọ́n sàn."

"Abúlé wo ni wọ́n ti wá?"

"Abúlé kan náà pẹ̀lú Ọmọ Kẹrìnlá. Irú kòkòrò kan náà."

"Ó wá jẹ́ pé kòkòrò tó kú wọ́ọ́rọ́wọ́ lára ọmọ mẹ́ta ló di akọni lára ẹ̀kẹrin? Dókítà, ṣé èyí bọ́ sí i lójú yín?"

Dókítà Òjẹ́labí fi àáké kọ́rí. Ọkùnrin rere ni, ìbínú rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹni tí ẹ̀rù ń bà. "Kò bọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ọmọ ń kú lọ, ẹ̀rọ ti sọ̀rọ̀, èmi náà ti sọ̀rọ̀. Ìwọ nìkan lo kù."

"Ó dáa. Mo sọ pé rárá. Mo sì ké sí Àáró."

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ lójoojúmọ́. Láyé àtijọ́, àwọn àgbẹ̀ ló ń ṣe àáró: lónìí, gbogbo wa ń ro oko rẹ, lọ́la, gbogbo wa ń ro tèmi. Ìlú méje ló mú orúkọ náà nígbà tí wọ́n pa ilé ìwòsàn ọmọdé wọn pọ̀, tí wọ́n sì búra pé ọmọ tó bá wà ní ọ̀kan, ti gbogbo wọn ni.

"A ti gbọ́," ni Olóòótọ́ wí. "Ẹni tó bá sọ pé rárá, ibẹ̀ ni yóò jókòó."

Àga igi pẹlẹbẹ kan tí kò ní ìfẹ̀yìntì jáde láti abẹ́ ibùsùn. Ìbídùnní jókòó lé e. Òfin ni. Kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ títí ọmọ yóò fi dìde tàbí títí kò fi ní dìde mọ́. Bó bá jẹ́ èkejì, òun ni yóò gbé ọmọ náà lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, kò sì ní wọ aṣọ funfun mọ́ láyé ní ìlú kankan nínú méjèèje.

"Ẹ gbọ́ èyí tí mo máa sọ," ló wí fún dókítà àti ìyá ọmọ. "Bí mímí rẹ̀ bá kan ọgọ́ta, èmi fúnra mi ni n ó tẹ iná yìí. N ò ní dúró gba ìyànjú ẹnikẹ́ni. Ìgbéraga kọ́ ni mo wá ṣe."

Ògiri tó kọjú sí ibùsùn tàn yòò, ojú mẹ́fà yọ níbẹ̀, aṣọ́-oògùn kan láti ìlú kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó dàgbà jù nínú wọn ni Màmá Oyèládùn ti Igbó-Ọrà, ó ń rún orógbó lẹ́nu.

"Ìbídùn, kí ló dé tí o yarí fún wọn láàárọ̀ kùtù?"

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ẹ gbà mí o. Ọ̀rọ̀ yìí ò yé mi."

Ó ro ẹjọ́ náà fún wọn. Túbọ̀sún ti Ìṣẹ́yìn, ọkùnrin tín-ínrín kan tí awò ojú rẹ̀ tóbi ju ojú rẹ̀ lọ, ló kọ́kọ́ dáhùn. "Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ọmọ náà ti dé ọ̀dọ̀ wa lánàá, ẹyẹ-irin gbé e wá. Kòkòrò ọ̀hún ń hù nínú àwo báyìí. Ní òwúrọ̀ ọ̀la ni n ó lè sọ fún yín bóyá Àkọ́kọ́ ń pa á tàbí kò pa á."

"Òwúrọ̀ ọ̀la ti jìnnà jù," ni Dókítà wí.

"Mo mọ̀, sà. Kòkòrò kì í gbọ́ pé kánjú."

Màmá Oyèládùn tu èèpo orógbó sọ́wọ́. "Ta ló ń fún ọmọ ní oògùn?"

"Ìyá rẹ̀ ni, Màmá. Oògùn ọmọ, ọwọ́ ìyá ni."

"Ẹ bi í?"

Olóòótọ́ ló fèsì. Ó gbé ohùn ìyá ọmọ náà jáde bó ṣe gbà á sílẹ̀ ní àárọ̀ yẹn, ohùn tó rẹ̀ tó sì ń gbọ̀n. Ṣé ẹ fún ọmọ ní oògùn? Mo fún un. Ṣé ó ṣẹ́kù? Ẹ̀kán kan ò ṣẹ́kù. Ṣé ẹ dà á nù? Èèwọ̀! "Mo yẹ ohùn rẹ̀ wò," ni ẹ̀rọ náà fi kún un. "Kò parọ́."

"Ẹ wọn oògùn nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ?"

"Ìgò ti gbẹ, ìyá sì sọ òótọ́. Kò sí ìdí láti wọ̀n ọ́n."

"Ẹ̀rọ tó gbọ́n tó báyìí!" ni Màmá wí, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ yí padà. "Ìbídùn. Kí lorúkọ ọmọ yẹn?"

Túbọ̀sún bojú wolẹ̀. Iná kékeré kan tàn lórí ògiri, àwọ̀ osùn.

"Ìkìlọ̀," ni Olóòótọ́ wí. "A kì í pe orúkọ ọmọ níwájú àpótí. Òṣìṣẹ́ tó bá pè é yóò bọ́ báàjì rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹjọ́ bá parí."

Òfin yìí kì í ṣe òfin burúkú nígbà tí wọ́n ṣe é, kí a sọ òtítọ́. Láyé ìgbà kan, orúkọ bàbá ni wọ́n fi ń ṣí àpótí. Bí ọmọ bá ń jẹ́ ọmọ ọlọ́lá, Ìkẹyìn á jáde nítorí ikọ́ lásán. Bí ó bá jẹ́ ọmọ àgbẹ̀, wọ́n á ní kí ìyá rẹ̀ lọ máa gbàdúrà. Ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ni àwọn aṣojú ìlú méje pàdé, wọ́n sì ní kí orúkọ kúrò, kí nọ́ńbà dípò rẹ̀. Ìbídùnní wà níbẹ̀. Ó pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ta á. Nígbà tí wọ́n ń ti orúkọ bàbá síta, kò sí ẹni tó rántí pé ẹnu ọ̀nà kan náà ni orúkọ ọmọ máa bá jáde.

Ó wo ìyá tó wà nílẹ̀. Ó mọ orúkọ náà. Ìdájí ọjọ́ kejì tí wọ́n dé ló gbọ́ ọ, tí obìnrin náà fi ẹnu ko etí ọmọ, tó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ kí ògiri má baà gbọ́. Ìbídùnní gbọ́ ọ, ó sì kọjá lọ, nítorí ọdún mẹ́wàá ti kọ́ ọ láti má máa gbọ́ orúkọ.

Ọdún mọ́kànlá lórí iṣẹ́. Ilé tó ń gbé, ilé iṣẹ́ ni. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣì wà nílé ìwé. Ó ro gbogbo rẹ̀ kíá, bí ẹni tó ń wo ẹrù tí kò ní lè gbé dání sá kúrò nínú iná, ó sì fi wọ́n sílẹ̀.

"Táyé," ló wí. Ó tún gbóhùn sókè, kó lè yé ògiri dáadáa. "Táyé lorúkọ rẹ̀."

Màmá Oyèládùn lu ọwọ́ pọ̀ gbàgà, orógbó fò jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Táyé! Ẹ̀yin èèyàn wọ̀nyí, Táyé mà ni! Kẹ́hìndé rẹ̀ dà?"

Ọwọ́ ìyá ọmọ náà jábọ́ lára aṣọ Ìbídùnní.

"Ìlú ìbejì ni mo ti ń ṣiṣẹ́," ni Màmá ń wí lọ, ohùn rẹ̀ ti gbóná. "Nígbà tí a ṣì ń pe orúkọ, bí Táyé bá wọlé sọ́dọ̀ wa, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé níbo ni èkejì wà, ta ló ń tọ́jú rẹ̀, kí ló sì ń jẹ. Ọmọ méjì ló máa ń wọlé bí ọ̀kan bá ń ṣàìsàn. Ẹ wá sọ ọ́ di nọ́ńbà. Táyé di Kẹrìnlá! Kẹrìnlá ní èkejì ni?"

Ìbídùnní bẹ̀rẹ̀ síwájú lórí àga, ó gbé àgbọ̀n ìyá náà sókè. Kò bínú. Ó ti ń rí i kí ó tó gbọ́ ọ. "Ọmọ mi, ṣíbí méjì ni wọ́n ní kó máa mu. Mélòó ló ń mu?"

"Ẹyọ kan, Mà." Omijé ti bo ojú rẹ̀. "Ẹyọ kan fún un, ẹyọ kan fún Kẹ́hìndé. Màmá mi ló gbé e jókòó níta, lábẹ́ igi máńgòrò, torí wọ́n ní ọmọ tára rẹ̀ yá ò gbọdọ̀ wọlé. Mo máa ń fi ìgò kékeré gbé e jáde fún un."

"Kò sì ṣàìsàn."

"Kò ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n ìbejì ni wọ́n, Mà! Ohun tí a bá ṣe fún Táyé, ṣé a kì í ṣe é fún Kẹ́hìndé ni? Bí mo bá fún ọ̀kan tí mo fi èkejì sílẹ̀, tí inú bá bí i, tó ní òun ń lọ ńkọ́? Kò sẹ́ni tó bi mí pé àwa mélòó la jọ ń lo oògùn. Wọ́n ní ṣé mo fún un, mo fún un. Wọ́n ní ṣé ó ṣẹ́kù, kò ṣẹ́kù."

"Kò parọ́," ni Olóòótọ́ wí láti inú ògiri.

Dókítà Òjẹ́labí ti jáde. Ìbídùnní rò pé ìbínú ló gbé e lọ. Àfi bó ṣe rí i lójú fèrèsé tó wà lórí ibùsùn, tó ń bọ̀ láti ibi igi máńgòrò, tó gbé ọmọbìnrin kékeré kan sí èjìká, tí ìyá àgbà kan ń sáré tẹ̀ lé e. Ojú ọmọ náà àti ti Táyé, igbá kan náà ni wọ́n là sí méjì.

Ìbídùnní kò lè dìde lórí àga. Ó bu omi lásán sínú ṣíbí oògùn, ó sì nà án gba ojú fèrèsé. Kò tíì sọ ohunkóhun tí Kẹ́hìndé ti ya ẹnu bí ọmọ ẹyẹ. Ó gbé e mì. Ó fajú ro.

"Èyí ò dùn," ló wí. "Tọsàn yẹn dà?"

Oògùn Àkọ́kọ́ ni wọ́n fi ọsàn sí. Dókítà gbé ọmọ náà sọ̀kalẹ̀ fún ìyá àgbà, ó sì gbé ọwọ́ lé férémù fèrèsé. "Ìlàjì," ló wí. "Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, ìlàjì ni kòkòrò yẹn ń rí. Ẹ̀kọ́ la ń kọ́ ọ. Díẹ̀ ló kù ká fi Ìkẹyìn ṣe tíṣà rẹ̀." Ó wọlé, òun fúnra rẹ̀ ló fa Àkọ́kọ́ sínú abẹ́rẹ́, ìwọ̀n tó pé, ó sì fi sínú iṣan ọmọ níṣojú gbogbo ojú mẹ́fà tó wà lára ògiri.

Nǹkan kò yí padà lójú ẹsẹ̀. Àwọn tó ń sọ ìtàn ló máa ń jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, mímí Táyé wà ní mẹ́tàléláàádọ́ta. Ní aago méjì ó di mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Ìyá rẹ̀ ò sọkún mọ́, ó ń wo ìlẹ̀kẹ̀ ẹsẹ̀ ọmọ nìkan. Àwọn ojú orí ògiri kò lọ. Túbọ̀sún ń jẹ ìpápánu rẹ̀ níbẹ̀, Màmá Oyèládùn ń fi ìka ka nǹkan kan tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní aago mẹ́ta ó di mọ́kàndínlọ́gọ́ta.

"Ẹ ṣí i," ni ìyá náà wí. Kò bẹ̀bẹ̀ mọ́. Àṣẹ ló pa. "Mo ti jẹ́wọ́ fún yín. Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni. Ẹ má fi ọmọ mi san án."

Ìbídùnní gbé àtàǹpàkò lé iná kẹta. Ó ti sọ ọgọ́ta, ọgọ́ta náà ló máa jẹ́. Bó bá kàn án, yóò tẹ̀ ẹ́, ogójì ọjọ́ Ṣakí yóò bẹ̀rẹ̀, yóò sì gbà pé òun ṣìnà. Ẹ̀rù ń bà á gan-an. Ó wo nọ́ńbà náà títí ojú fi ń ta á. Mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Méjìdínlọ́gọ́ta. Ó rò pé ojú òun ló ń ṣe òun. Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Nígbà náà ló rí òógùn níwájú orí Táyé, ẹ̀kán òógùn bíi ti ọmọ tó ń sùn lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì gbé ọwọ́ kúrò lórí àpótí, ó fi nù ún.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìlẹ̀kẹ̀ ẹsẹ̀ ń ka mẹ́rìndínlógójì. Ẹ̀yìn Ìbídùnní ti le bí igi. Táyé la ojú, ó ní òun fẹ́ mu ògì. Kò sí orin kankan tó dùn tó bẹ́ẹ̀ létí ìyá rẹ̀.

Túbọ̀sún yọ lára ògiri, kò tilẹ̀ kí wọn. "Àwo ti sọ̀rọ̀. Àkọ́kọ́ pa á pátápátá. Kòkòrò yẹn ò borí oògùn kankan rí."

Iná méjèèjì tó ti ń tàn láti àná kú lára àpótí. Títì ni ó wà, ìgò mẹ́ta ló ṣì wà nínú rẹ̀, ọmọ tuntun Ṣakí sì ní ohun tí wọ́n lè ṣí fún un bí ó bá di dandan.

"Ẹ kú iṣẹ́, Aṣọ́-oògùn," ni Olóòótọ́ wí. "Ẹjọ́ fẹ́ parí. Ẹ bọ́ báàjì. Ṣùgbọ́n kí n tó tì í, ẹ dáhùn ìbéèrè kan. Ọmọ Kẹrìnlá: kí ni ìdí tí oògùn fi kùnà fún ọjọ́ mẹ́ta?"

Ìbídùnní ti mú ọwọ́ lọ síbi báàjì. Ó dúró.

"Táyé lorúkọ rẹ̀," ló wí.

"N kò ní àyè fún orúkọ."

"O ní àyè fún ìdí. Ìdí lo bi mí. Oògùn kùnà nítorí pé Táyé lorúkọ rẹ̀, ó ní èkejì, ẹnikẹ́ni kò sì béèrè. Olóòótọ́ ni wọ́n pè ọ́. Bí èyí bá jẹ́ irọ́, yẹ ohùn mi wò."

Ẹ̀rọ náà yẹ ohùn rẹ̀ wò.

"Ẹ ò parọ́," ló wí níkẹyìn.

"Kọ ọ́ sílẹ̀, nígbà náà."

"Bó bá ti ń kọ, kó kọ tèmi náà!" Màmá Oyèládùn ti dìde dúró nínú ògiri. "Kò sí Ọmọ Kejì ní Igbó-Ọrà. Dúrójayé ló ń jẹ́. Àwọn tó ti lọ ṣáájú rẹ̀ ló mú kí wọ́n máa bẹ̀ ẹ́ kó dúró. Kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lónìí, kó tó di pé a ń da oògùn sí i lára!"

"Àìná ni ọmọ tuntun wa," ni aṣọ́-oògùn Ṣakí wí. "Ìwọ́ wé e lọ́rùn kó tó wáyé. Ó yẹ ká ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀."

"Ìdòwú," ni Túbọ̀sún wí, ohùn rẹ̀ kéré, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. "Ọmọ Kẹfà wa. Ìbejì wà nílé ṣáájú rẹ̀. N ò bi wọ́n bóyá àwọn náà ń wúkọ́."

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi wo ọmọ láìwo ilé rẹ̀. Iná àwọ̀ osùn ń tàn lọ tìtì lórí ògiri, ìkìlọ̀ lé ìkìlọ̀, orúkọ sì ń jáde láti ìlú méje bí omi tó fọ́ ògiri odò. Màmá Oyèládùn bọ́ báàjì tirẹ̀, ó gbé e sójú ògiri kí gbogbo ayé lè rí i. Ti Ṣakí bọ́ tirẹ̀. Túbọ̀sún bọ́ tirẹ̀. Ẹni mẹ́ta tó kù kò ro ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Méje ni wọn yóò gbà," ni Màmá wí. "Kí wọ́n lọ wá ẹlòmíràn tó máa jókòó lórí àga yẹn. Ìbídùn, fi tìẹ sílẹ̀ láyà rẹ. Ọwọ́ wọn náà ni kí wọ́n fi wá yọ ọ́."

Ìbídùnní fi í sílẹ̀ láyà rẹ̀. Ó dìde lórí àga, eegun rẹ̀ ń dún, ó sì lọ bu oògùn àárọ̀. Ìyá ọmọ fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. "Jókòó, Ìyá Ìbejì," ló wí, ó sì pè é bẹ́ẹ̀ sókè, kò wo ògiri. "Tọwọ́ mi ni lónìí."

Táyé wo ṣíbí náà. Ó pa ẹnu dé gbágbá, ó yí orí sí fèrèsé. "Ti Kẹ́hìndé dà?"

Ìyá rẹ̀ bojú. Àwọn tó wà lára ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ìbídùnní kò rẹ́rìn-ín, ó ti rò ó láti àná. Ó mú ṣíbí kejì, irú kan náà gan-an, ó bu omi oyin kún un, ó sì nà án jáde lójú fèrèsé fún ọmọbìnrin tó ń dúró lórí apá ìyá àgbà. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà nínú ilé, tòsì wà níta. "Ó yá, ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ ya ẹnu."

Wọ́n ya ẹnu lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n gbé e mì lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ṣé ẹ ti fún Ọmọ Kẹrìnlá ní oògùn?" ni Olóòótọ́ béèrè.

"Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?" ni Ìbídùnní wí. "Táyé ni mo fún."